Ẹja Ọdún: Bí A Ṣe Lè Sè É Nílé Láì Pa Ọjà Tì

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ oúnjẹ bá ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún)

  Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa kò níí tú, owó wa kò níí jó, ẹsẹ̀ wa kò níí kọ̀ lọ́nà ọjà. Àṣẹ.

Nígbà tí àwọn olóyè ní kí ìgbìmọ̀ oúnjẹ wá sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí, ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ọ̀rọ̀ owó náà la tún máa sọ: owó ẹ̀yáwó, owó èlé, àwọn tó jẹ wá tí wọn ò tíì san. Akọ̀wé ti bá wa sọ ìyẹn, ó sì yé wa. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ni tiwa. A fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹja ọdún: bí a ṣe ń rà á, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, bí a ṣe ń sè é tí gbogbo ilé á jẹ ẹ́ tí wọ́n á yọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí fún wa. Ọjọ́ tí ilé ń wá wa jù, ọjọ́ náà ni ọjà ń wá wa jù. Bí Iléyá bá ku ọ̀la, bí Kérésì bá ku ọ̀la, ìgbà yẹn ni ọjà Bódìjà máa ń kún tí kò ní sí ibi tí èèyàn máa gbẹ́sẹ̀ sí. Ẹni tó ń ta ata kò lè kúrò nídìí apẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń ta ìrẹsì kò lè kúrò nídìí kọ́ńgò. Ará Agbowó ń bọ̀, ará Ring Road ń bọ̀, ará Challenge ń bọ̀, ọwọ́ wa ni gbogbo wọn ti ń ra ohun ọbẹ̀. Àwa là ń ta ohun tí ìlú fi ń ṣọdún. Àmọ́ aago mẹ́jọ, aago mẹ́sàn-án alẹ́ la fi ń délé tiwa, ẹsẹ̀ á ti wú, ohùn á ti há, ìkòkò á sì wà níbi tí a dojú rẹ̀ dé sí láàárọ̀. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa

A fẹ́ sọ ìtàn kan. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí wà láàárín wa níbí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ́, ó kàn ní ká má dárúkọ òun ni.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù December, lọ́dún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ó ra Titus ńlá mẹ́rin lọ́wọ́ ẹlẹ́ja kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa náà. Aago méje àárọ̀ ló rà á, nítorí ó ń bẹ̀rù pé bó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹja á ti tán. Ẹja náà le gbandi, yìnyín ṣì wà lára rẹ̀. Ó dì í sínú ọ̀rá, ó kì í bọ abẹ́ tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì kọjú sí títà. Ọjà tà lọ́jọ́ náà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àmọ́ ẹja wà lábẹ́ tábìlì látàárọ̀ títí di alẹ́.

Nígbà tó délé, ó gbóòórùn rẹ̀, kò rùn. Ó fọ̀ ọ́ dáadáa, ó sè é, ata pọ̀ níbẹ̀, ọbẹ̀ náà dùn. Wọ́n jẹ ẹ́ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá kí wọ́n tó múra ìṣọ́ òru. Kò tó ìdajì wákàtí, àkọ́bí rẹ̀ ní ojú òun ń gbóná. Èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í yún ara, ara rẹ̀ sì wú pọ́tọ́pọ́tọ́ bí ẹni tí èèrùn ta. Bàbá wọn ní orí ń fọ́ òun, àyà òun ń lù kì kì kì. Àbíkẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ìyá ọkọ nìkan ni nǹkan kan kò ṣe, nítorí màmá ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lòun fẹ́ jẹ, wọn ò fọwọ́ kan ọbẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ ohun tí ẹnu máa sọ ní irú àsìkò yẹn. Kí ló dé tí màmá ò jẹ níbẹ̀? Kí ni màmá mọ̀? Wọ́n sọ ọ́ jáde lẹ́nu lóru ọjọ́ náà, lójú àwọn ọmọ. Nígbà tí wọn ò sọ ti màmá mọ́, wọ́n ní ẹlẹ́ja ló ta májèlé fún àwọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu sì nìyẹn, ẹyin ni, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Wọ́n gbé ara wọn dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó bá wọn níbẹ̀ béèrè ohun tí wọ́n jẹ, wọ́n ní ẹja ni. Ó béèrè irú ẹja, wọ́n ní Titus. Ó wá béèrè pé: "Mummy, ẹja yẹn, ibo ló wà láti ìgbà tí ẹ ti rà á?" Ìgbà yẹn ni ẹnu ìyá náà pa mọ́. Wọ́n fún wọn ní abẹ́rẹ́, wọ́n ṣọ́ wọn mọ́jú, ara wọn sì balẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú, a dúpẹ́. Àmọ́ màmá ti di ẹrù wọn, wọ́n ti padà sọ́dọ̀ ọmọ wọn kejì. Nígbà tí ọjà ṣí lẹ́yìn ọdún, ẹbí kan sì lọ bá ẹlẹ́ja nídìí àtẹ rẹ̀, wọ́n bú u lójú oníbàárà. Ẹlẹ́ja yẹn kò wá sí ìpàdé wa mọ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko.

Ẹgbẹ́ ló rán àwa ìgbìmọ̀ yìí lọ bẹ̀bẹ̀. A lọ bẹ màmá, a lọ bẹ ẹlẹ́ja. Ìyá náà sì kúnlẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Lónìí, òun àti ẹlẹ́ja jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà níbí, màmá sì ti padà sílé. Ẹ bá wa pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ohun tó wà nínú ẹja náà

Kò sẹ́ni tó fi májèlé sí ẹja yẹn. Ẹja náà fúnra rẹ̀ ló ṣe é, nítorí ooru. Titus, kọ́tẹ̀, ṣàwà àti àwọn ẹja òkun tó jọ wọ́n ní ohun kan nínú ẹran ara wọn. Bí wọ́n bá wà nínú ooru, àwọn kòkòrò tín-ín-tín tí ojú kò lè rí á sọ ohun náà di nǹkan mìíràn tí àwọn dókítà ń pè ní histamine. Òun ló ń mú ojú gbóná, tó ń mú ara yún, tó ń mú orí fọ́, tó ń mú èèyàn bì.

Ẹ fetí sí ibi tó ṣe pàtàkì jù. Bí histamine bá ti wọ inú ẹja, iná kò lè pa á. Ẹ sè é fún wákàtí mẹ́ta, ẹ dín in kó gbẹ bí igi, ẹ da gbogbo ata Bódìjà lé e lórí, ibẹ̀ ló máa wà. Bí ẹ bá tún dá a padà sínú fíríìsà, kò ní jáde. Ó sì lè má rùn, ó lè má yí àwọ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí imú ìyá náà kò fi rí nǹkan kan. Ọgbọ́n kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹja má fi ìgbà kankan wà nínú ooru láti ìgbà tí a ti rà á títí tó fi dé orí iná.

Ohun tí àwọn elétò ìlera ń kọ́ni ni pé ẹja kò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí méjì lọ. Bí oòrùn bá mú gan-an, tí ooru ju ìwọ̀n 32 lọ, kó má ju wákàtí kan lọ. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí abẹ́ páánù ṣe ń rí ní Bódìjà lóṣù December. Aago méje àárọ̀ sí aago mẹ́sàn-án alẹ́ jẹ́ wákàtí mẹ́rìnlá. Ẹ̀yin ẹ ṣírò ẹ̀.

Bí irú nǹkan báyìí bá sì ṣẹlẹ̀ nílé ẹnikẹ́ni, ẹ má dúró bú ara yín. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní epo pupa mu. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ, ẹ sì sọ ohun tí ẹ jẹ àti ìgbà tí ẹ rà á.

Ẹja wo la máa rà?

Ìmọ̀ràn wa ni pé bí agbára bá gbé e, àrọ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣọdún. Nílùú Ìbàdàn yìí, a kì í ṣe ará òkun, àmọ́ ẹja kò jìnnà sí wa. Adágún Ẹlẹ́yẹlé tí ìjọba ṣe ní 1942 wà níhìn-ín, ti Aṣéjire wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀, ẹni tó bá sì ń gba ibẹ̀ kọjá mọ bí àwọn ìyá ṣe ń gbé ẹja dúró lẹ́bàá títì. Àwọn tó ń sin àrọ̀ sínú kànga ẹja pọ̀ káàkiri ìgboro wa, tí wọ́n ń tà á láàyè.

Àǹfààní àrọ̀ fún obìnrin ọlọ́jà ni pé ó lè dúró dè wá. Ó ní ohun kan nínú orí tó fi ń mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa, ìdí nìyẹn tí kò fi ń tètè kú bí omi bá kéré. Bí a bá rà á ní ọ̀sán, a lè fi í sínú ọpọ́n tàbí garawa tó fẹ̀, kí omi kàn bo ẹ̀yìn rẹ̀, ká fi nǹkan tó ní ihò bò ó, ká sì gbé ohun tó wúwo lé e, nítorí àrọ̀ mọ fífò. Ibòji ni kó wà. Tó bá di alẹ́, ẹja tútù la ó pa. Àmọ́ bó bá kú sínú omi tí a kò sì mọ ìgbà tó kú, ẹ má jẹ ẹ́.

Bí Titus lagbára yín gbé, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ẹja gidi ni. Ẹ kàn ṣe bí ẹlẹ́ja tí a sọ ìtàn rẹ̀ yẹn ṣe kọ́ wa. Òun ló mú àbá náà wá lọ́jọ́ tí a lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní: "Ẹ sanwó láàárọ̀, ẹ gbé e lálẹ́." Ẹ sanwó, kí ẹlẹ́ja kọ orúkọ yín sí i, kí ẹja yín máa sùn nínú fíríìsà tirẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ti palẹ̀ ọjà mọ́ tán, tí ẹ ń lọ wọ mọ́tò, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ gbà á. Ẹni tó ní kúlà lè gbé e lọ́wọ́, kó ra yìnyín sí i. Láti ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń se ọbẹ̀ ọdún

Obìnrin tó wà nílé lè se ọbẹ̀ ọdún lọ́jọ́ kan. Àwa ọlọ́jà, ọjọ́ mẹ́ta la fi ń sè é, díẹ̀díẹ̀, kó má baà pa wá.

Ní ìjọ́ kìíní, bó bá ku ọjọ́ méjì, ká ra ata. Fún èèyàn mẹ́wàá, tàtàsé ńlá mẹ́jọ, tòmátì mẹ́fà, ata rodo mẹ́fà, ṣọ̀ǹbọ̀ mẹ́rin, àlùbọ́sà ńlá mẹ́rin. Ẹni tí ọmọ kékeré pọ̀ nílé rẹ̀ lè dín rodo kù. Ká yọ kóró inú tàtàsé, ká lọ̀ ọ́ pẹ̀lú méjì nínú àlùbọ́sà náà, ká gbé e kaná láìfi òróró sí i, títí omi inú rẹ̀ á fi gbẹ. Bó bá tutù, ká gbé e sínú fíríìjì. Bí kò bá sí iná mànàmáná, kò burú: ká tún gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ kó hó dáadáa.

Ní ìjọ́ kejì, ká din ata náà. Ife òróró kan àtààbọ̀ tó. Ká gé àlùbọ́sà kan sí i kó rọ̀, kó tó pọ́n ni ká da ata lé e. Iná díẹ̀ ni. Ká máa rò ó fún bí ogún ìṣẹ́jú sí ìdajì wákàtí. Ẹ ó mọ̀ pé ó jinná nígbà tí òróró bá léfòó, tí kò sì kan lẹ́nu mọ́. Kíkan ọbẹ̀ tí ọkọ ń ráhùn lé lórí, àìjinná ata ni lọ́pọ̀ ìgbà. Iṣẹ́ alẹ́ yẹn tán.

Ní ìjọ́ kẹta, tí í ṣe alẹ́ ọdún tàbí àárọ̀ ọdún gan-an, ẹja nìkan ló kù. Wákàtí kan péré ni.

Bí a ṣe ń ṣe ẹja náà

Àrọ̀ mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó kílò kan tó fún èèyàn mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó tà á bá yín pa á, nítorí ẹ̀gún méjì tó wà lẹ́bàá orí rẹ̀ máa ń gún ni lọ́wọ́, oró rẹ̀ sì ń dunni. Nígbà tí ẹ bá là á nínú, ẹ wá àpò kékeré aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀. Òróòro nìyẹn. Bó bá bẹ́ sínú ẹja, ọbẹ̀ á korò.

Àrọ̀ kò ní ìpẹ́, àmọ́ ara rẹ̀ ń yọ̀. Ẹ bu omi gbígbóná sí i, kì í ṣe omi tó ń hó, ẹ fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha á títí ara rẹ̀ á fi dákẹ́ yíyọ̀. Ẹ gé e bí ìka méjì. Orí mẹ́ta àti ìrù mẹ́ta wà lọ́tọ̀: ẹ fi àlùbọ́sà, atalẹ̀, áyù àti iyọ̀ sè é nínú omi ife mẹ́ta. Omi yẹn ni ọbẹ̀ wa máa mu. Orí náà kò ní ṣòfò, àwọn ọmọ á jà lé e lórí.

Èyí tó kù, ẹ fi iyọ̀ pa á lára pẹ̀lú atalẹ̀ pupa, èyí tí inú rẹ̀ pọ́n bíi pupa ẹyin. Ẹ jẹ́ kó jókòó bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ nù ún gbẹ, ẹ dín in nínú òróró tó gbóná dáadáa, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ara rẹ̀ kàn di ni, inú ọbẹ̀ ló ti máa jinná tán. Ẹ má máa yí i síwá sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀kan là ń yí i. Ẹja tí a bá ń dà láàmù nínú òróró, fífọ́ ló ń fọ́.

Ẹ wá gbé ata tí a ti dín kaná, ẹ sẹ́ omi orí ẹja sí i, ẹ tọ́ iyọ̀ wò. Bó bá hó, ẹ to ẹja sínú rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ẹ má ti ṣíbí bọ inú ìkòkò mọ́. Etí ìkòkò ni kẹ́ ẹ dìmú, kẹ́ ẹ máa mì í jẹ́jẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ já ewé éfinrin sí i, ẹ pa iná, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó mu ata. Ẹ lè fi jẹ ìrẹsì, ẹ lè fi jẹ iyán, ẹ lè fi bá ewédú àti gbẹ̀gìrì jẹ àmàlà, ọmọ Ìbàdàn ni wá.

Atalẹ̀ pupa tí a dárúkọ yẹn, àwọn kan á ní níbo la ti rí i. Àwọn ará Bengal, tí ilẹ̀ wọn pín sí ìlà-oòrùn Íńdíà àti orílẹ̀-èdè Bangladesh, kò fi ẹja ṣeré rárá. Ẹja àti ìrẹsì ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀. Iyọ̀ àti atalẹ̀ pupa ni wọ́n fi ń pa ẹja lára kí wọ́n tó dín in, òróró mọ́sítáàdì ni wọ́n fi ń dín in, wọ́n sì ń lọ èso mọ́sítáàdì mọ́ ata tútù fún ọbẹ̀ rẹ̀. Ẹja tí wọ́n fẹ́ràn jù ń jẹ́ ilish. Wọ́n ní ọdún kan láàárín May sí June tí wọ́n ń pè ní Jamai Shashthi: ìyá ìyàwó ló ń pe ọkọ ọmọ rẹ̀ wálé lọ́jọ́ náà, tó ń se ẹja fún un. Ẹ̀yin àna wa ọkùnrin tó wà níbí, a rí ẹ̀rín yín o. Ẹ kọ́kọ́ mú iṣu wá ná.

A sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àwa nìkan là ń fi ẹja ṣe ọlá. Nílẹ̀ Yorùbá níbí, ẹja wà lára ohun tí a fi ń sọmọ lórúkọ, nítorí pé orí ló fi ń la omi kọjá. Ìkòkò ẹja lọ́jọ́ ọdún ju ọbẹ̀ lọ. Ó ń sọ fún àwọn ọmọ pé ìyá wọn rántí wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà ni wọ́n rí i lọ látàárọ̀.

Ta ló máa sè é?

Ibí yìí la fẹ́ parí sí. Tútù là ń ká ẹja. Àwọn ọmọ wa ń dàgbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ata tó jinná àti èyí tó kan. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Àwa la ní kí wọ́n lọ ra ìrẹsì jẹ lọ́wọ́ olóúnjẹ nítorí a ò sí nílé. A ń kó owó lé ilé ìwé wọn, ó dáa. Àmọ́ ọmọ tó jáde ní University tí kò lè dá iná ọbẹ̀, ó kù díẹ̀ káàtó.

A bẹ̀ yín, láti ọdún yìí lọ, ẹ pín iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta yẹn fún wọn. Kí ẹnì kan yọ kóró tàtàsé, kí ẹnì kan ṣọ́ ata lórí iná. Ẹ pe ọmọkùnrin náà sí i. Òun náà ń jẹun, òun náà á kúrò nílé lọ́jọ́ kan. Ìyá tí a sọ ìtàn rẹ̀ ní àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ gbóná lóru ọjọ́ yẹn, ló ń gba ẹja lọ́wọ́ ẹlẹ́ja báyìí ní gbogbo alẹ́ ọdún. Òun ló ń gbé kúlà. Ìyá rẹ̀ àgbà, ìyẹn ìyá bàbá rẹ̀, ló sì ń kọ́kọ́ bu ọbẹ̀ fún.

Àbá kan wà tí a fẹ́ gbé síwájú ẹgbẹ́. Bí a ṣe ń dá owó alájẹṣẹ́kù, ẹ jẹ́ ká máa dá owó ẹja lọ́tọ̀, díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta sí ọdún. Ká bá ẹnì kan tó ń sin àrọ̀ sọ ọ́ pọ̀, kó gbé e wá láàyè ní ìrọ̀lẹ́ alẹ́ ọdún, kí olúkúlùkù gba tirẹ̀ nígbà tó bá ń lọ sílé. Ẹni tó bá ra púpọ̀ kì í ra á ní iye tí ẹni tó ra ẹyọ kan ń rà á, ẹ̀yin ọlọ́jà lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Kí àwọn ẹlẹ́ja yìnyín inú wa má rò pé a fẹ́ gba ọjà wọn o. "Sanwó láàárọ̀, gbé e lálẹ́" ṣì wà, ẹgbẹ́ á sì bá wọn tẹ ìwé kékeré tí wọ́n á fi máa kọ orúkọ oníbàárà.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Òótọ́ ni. Àwa fi kún un pé ìtọ́jú náà wà níbẹ̀. Owó lè ra ẹja ńlá, kí ooru sì bà á jẹ́ lábẹ́ tábìlì, kí ilé tú nítorí rẹ̀.

Ọdún tó ń bọ̀, a ó tún pàdé níbí. Ìkòkò wa kò níí ṣófo, ọmọ wa kò níí jẹ ohun tó máa pa á lára, a ò níí fi ẹnu wa ba ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ jẹ́. Bí ẹja ṣe ń fi orí la omi kọjá, orí wa á la ọ̀nà ire fún wa. Àṣẹ.

 Ẹ má lọ sílé láìjẹun, ọbẹ̀ ẹja wà nínú ìkòkò lẹ́yìn gbọ̀ngàn.